Omi Àmù fún Ṣójà

Ohùn tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ ní agboolé wa ní Òmù-Àrán kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn igbá kékeré kan ni, tí Ìyá Àgbà máa ń fi ìdí rẹ̀ kan ojú omi inú àmù láti mọ bó ṣe kún tó. Tí omi bá kún, igbá á dún pẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, ohùn yẹn á jìn, á máa bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Ìyá Àgbà á sì pe orúkọ mi. "Ṣadé, àmù ti ń pè ọ́." Èmi ni mo ń pọn omi àmù yẹn láti odò. Ó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé, wọ́n rì í dé ìdajì sínú iyanrìn tí a máa ń bu omi wọ́n láràárọ̀ kí ó má baà gbẹ, nítorí iyanrìn tútù ló ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. A kì í fi omi àmù wẹ̀, a kì í fi se ọbẹ̀. Àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ bu ún mu láìtọrọ. Omi àlejò ni. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wọlé, kó tó jókòó dáadáa, igbá omi àmù gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó sì ṣe ń mu ún, Ìyá Àgbà á máa wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó máa béèrè ohun tó gbé e wá.

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, mo sì ní ohun kan tí ẹlòmíràn kò ní nínú agboolé wa. Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni mò ń sùn. Ẹní rẹ̀ fẹ̀, ògiri wà lápá kan, òun fúnra rẹ̀ wà lápá kejì, àlàfo tó wà láàárín òun àti ògiri sì jẹ́ tèmi nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Tí ó bá ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn rẹ̀ máa ń gba egungun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ etí mi. Àwọn àbúrò mi méjèèjì ń sùn lọ́dọ̀ ìyá wa, wọ́n ń ta ara wọn nípàá. Mo máa ń ṣàánú wọn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí wọ́n ní a ti kúrò lábẹ́ Kàdúná, pé a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, Ìlọrin sì ni olú-ìlú rẹ̀. Bàbá mi, tó ń kọ́ni nílé-ìwé ìjọ, gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó mú ẹ̀ẹ̀kù iṣu, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó ní èyí ni Àríwá tẹ́lẹ̀, ó wá pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ewúrẹ́ jẹ ìpínlẹ̀ wa kó tó parí ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ìpínlẹ̀ tuntun yẹn jẹ́ lójú tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kàdúná nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, ń bọ̀ nílé. Wọ́n ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ wa máa bọ̀ ní Ìlọrin. Ó wọ rélùwéè dé Ọ̀fà, ó wọ lọ́rì láti Ọ̀fà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Mopélọ́lá, sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, ó wọ bàtà aláwọ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tí eruku ti sọ di pupa, ó sì fi apá méjèèjì gbé nǹkan kan mọ́yà tó fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun.

"Kí lọmọ yìí gbé dání?" Ìyá Àgbà béèrè.

Bàbá Kàdúná ṣí aṣọ náà kúrò. Ìgò ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń kó súìtì sí, ó kún dé ìdajì, ẹja kan ṣoṣo sì wà nínú rẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. "Ẹja oníjà ni, Màmá. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún Mopé nígbà tó ń lọ sílùú rẹ̀."

"Ẹyọ kan? Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ yó?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́, Màmá. Wọ́n kàn máa ń wò ó ni."

Ìyá Àgbà wo ẹja, ó wo ọmọ rẹ̀. "Òyìnbó mà ráyè o," ó ní. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Ṣadé, bu omi fún wọn. Bu ti ẹja náà sí i. Ẹni tó bá ti Kàdúná wọ rélùwéè wá, àlejò ni." Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ Ìyá Àgbà kì í pẹ́ di òfin nílé wa. Mo bu omi àmù fún Bàbá Kàdúná, mo bu fún Mopé, mo wá da igbá kẹta sínú ìgò. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ dà á. Mi ò gbàgbé ìyẹn láti ọjọ́ náà wá.

Nígbà tí omi tuntun dé inú ìgò, ẹja yẹn tan gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó pọ́n bí ojú ẹyìn tó ti pọ́n dénú, ó sì ní àwọ̀ búlúù kan létí lẹbẹ rẹ̀ tí mi ò tíì rí lára nǹkan ẹlẹ́mìí rí. Àwọn lẹbẹ náà gùn, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí etí aṣọ tí a sá sí afẹ́fẹ́. Ó gbé ìdérí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ méjèèjì sókè, ó dúró gangan bí ṣójà tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọjá. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ náà, Ṣójà. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, bí mo ṣe mọ̀ pé ebi ń pa mí nígbà tí ebi bá ń pa mí.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Bàbá Kàdúná lò. Kò tíì rí ilé gbà ní Ìlọrin, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì ń dúró de tíránsífà tirẹ̀ ní Kàdúná, ó sì fi Mopé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó pe gbogbo àwa ọmọdé jọ kó tó lọ. "Mopé ló ni ẹja yìí," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò náà. Mopé, tó bá di Kérésì, màá wá mú ìwọ àti òun lọ. Kí n bá a láàyè o." Ìyá Àgbà fi tirẹ̀ kún un. Ó ní Mopé fi oṣù mẹ́rin jù mí lọ, nítorí náà, Àǹtí ni màá máa pè é.

"Oṣù mẹ́rin, Ìyá Àgbà?"

"Ì báà jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin."

Ìyẹn ì bá ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ìyá Àgbà ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nítòsí kò yẹ kó dá sùn, ó sì tẹ́ Mopé sí àlàfo tèmi. Wọ́n ní kí n máa lọ bá àwọn àbúrò mi. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí owú jẹ́, mi ò ní í wá ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ẹsẹ̀ àbúrò ẹni ni, tó ń ta èèyàn níhà, nígbà tí ẹlòmíràn ń gbọ́ àdúrà nínú egungun ẹ̀yìn tí ó jẹ́ tẹni.

Gbogbo nǹkan Mopé ló ń dùn mí. Ó ń sọ Yorùbá bíi ti inú ìwé, ó ń fi "hábà" àti "to" àwọn Hausa sí i, àwọn àgbà sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní kó tún sọ ọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé bí àwa bá sọ Ìgbómìnà wa, kò sí ẹni tó ń rí nǹkan kan tó dùn níbẹ̀. Kò mọ iyán gún. Ó fi ọmọ odó pa ìka ara rẹ̀, Ìyá Àgbà fẹ́ atẹ́gùn sí ìka náà. Èmi náà ti fi pa ìka rí, wọ́n ní kí n máa wo iwájú mi. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ tán, tí mo bá ti pọn omi ẹ̀ẹ̀mẹta tí àmù sì kún, Mopé á gbé ìgò Ṣójà wá, á da ìdajì omi inú rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sì bu omi àmù rọ́pò rẹ̀. Omi tí mo fi orí mi rù. Á máa bá ẹja náà sọ̀rọ̀ lédè Hausa kí n má baà gbọ́. Á já èérún ẹ̀kọ sínú rẹ̀, ẹja á gbà á sẹ́nu, á tu ú.

Mo mọ ohun tó yẹ kó máa jẹ. Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn. Nínú gbogbo agboolé yẹn, àtọmọdé àtàgbà, èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa ẹja tó wà láàyè. Mo ti máa ń jókòó létí odò láti ìgbà tí mo ti lè dá gbé korobá. Mo mọ̀ pé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kì í wà láàárín omi láàárọ̀ ọyẹ́, etí bèbè ni wọ́n máa ń wá, lábẹ́ ojú oró, níbi tí omi kò ti jìn tí oòrùn sì tètè ń bà á. Mo mọ̀ pé tàǹwíjí, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó ń ta kọ́ńdọ́rọ́ nínú omi tó dúró sójú kan, ni wọ́n ń sáré jẹ. Mo ti kó ẹja sínú igbá rí, wọ́n kú. Mo kó wọn sínú agolo, wọ́n kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, lásìkò ọyẹ́, mo jí ọ̀kan sọ sínú àmù Ìyá Àgbà, ó rì sísàlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo bù ú jáde, mo gbé e sínú àwo tó wà nínú oòrùn kí n tó lọ sin ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀túnla ni mo gbé e padà sódò. Nítorí náà, mo ti mọ ohun tí omi àmù ń ṣe sí ẹja kí Ṣójà tó dé. Òtútù ní í pa á. Lónìí, mo lè sọ ọ́ tìwé-tìwé: irú ẹja tí Ṣójà jẹ́, omi ìlú gbígbóná ló ti wá, ìwọ̀n ooru mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, bó bá sì ti rẹlẹ̀ jìnnà sí ìyẹn, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á máa dùbúlẹ̀. Nígbà náà, mi ò ní ìwọ̀n kankan. Ìka mi nìkan ni mo ní, ó sì ti tó.

Kí ọyẹ́ tó dé, omi àmù ṣì ṣeé fara dà, Ṣójà sì ń dán. Mo ní ọ̀nà tèmi láti jẹ nínú rẹ̀. Tí Mopé bá lọ fọ àwo, màá mú dígí ọlọ́wọ́ Ìyá Àgbà, màá gbé e ti ara ìgò. Ṣójà á rí ẹja mìíràn nínú dígí náà. Á tan lẹbẹ, á gbé ìdérí ọrùn sókè, á fi orí kan ìgò, gbogbo pupa rẹ̀ á jáde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Mopé rí. Mo sọ fún ara mi pé èmi ló ń ṣe é fún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò rí mi rárá. Ẹja kan tí kò sí níbẹ̀, tí kò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ló ń bínú sí. Ẹni tó bá ń sin irú ẹja yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí dígí pẹ́ níwájú rẹ̀, nítorí ó lè rẹ̀ ẹ́ débi àìsàn. Èmi máa ń gbé e síbẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ọyẹ́ wá dé, ó mú gan-an lọ́dún yẹn. Ètè wa bẹ́, gbogbo wa ń fi àdí para. Omi àmù tutù débi tí eyín fi ń dun Ìyá Àgbà tó bá mu ún, ó sì ń yangàn pé kò sí àmù tó dà bíi tòun ní gbogbo àdúgbò. Láràárọ̀, Mopé ń bu ún sínú ìgò. Ní ọjọ́ kẹta, Ṣójà ò yí sí i mọ́ nígbà tó pè é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò, lẹbẹ rẹ̀ ká mọ́ra bí agbòjò tí wọ́n pa dé, pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ pákó. Bí mo bá ń kọjá, mi ò ní í wo ìgò náà. Mo ń pọn omi mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mopé wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí mo ti ń ya ọkà bàbà kúrò lára pòpòrò rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó sì bá mi ya díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣadé, wọ́n ní ìwọ mọ̀ nípa ẹja."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ní o ti gbé ẹja sínú àmù wọn rí, o rò pé wọn ò rí ọ."

Mo fa pòpòrò mìíràn sọ́dọ̀.

"Kí ló ń ṣe é? Mò ń fún un ní omi tó dáa jù."

Mo wo ojú rẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ́ ẹ létè ju gbogbo wa lọ. "Mi ò mọ̀," mo ní, mo wá fi kún un, kó lè dùn ún dáadáa, "Àǹtí." Ó bá mi ya ọkà tó kù tán, ó dìde, ó lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àánú ló yí mi lọ́kàn padà. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń rẹ Mopé lẹ́kún, tó ń sọ pé bí ẹja bá kú, a ó sin ín sí ìdí ọsàn, òun á fi òkúta yí i ká, òun fúnra òun á sì bá Bàbá Kàdúná sọ ọ́ tí kò fi ní í bínú. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìṣirò mi ò tọ̀nà. Mo ti rò pé bí Ṣójà bá kú, Mopé á gba ìbáwí, èmi á sì gba ẹ̀yìn Ìyá Àgbà padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, wọn ò ní í bá a wí. Wọ́n á tún máa kẹ́ ẹ sí i. Ẹja náà á kú gẹ́gẹ́ bí ẹja Mopé, ìdí ọsàn á sì di ibojì ẹja Mopé títí láé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo ní inú ń run mí. Ìyá Àgbà fún mi ní omi ewúro, mo mu ún láìfajú ro, gbogbo wọn sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ìgò lọ sí ilé ìdáná. Mo ti gbé ìkòkò irin dúdú kan tó kún fún omi sínú oòrùn. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ da omi gbígbóná lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ìgò sórí pèpéle amọ̀ ẹ̀gbẹ́ ààrò, níbi tí ooru iná àárọ̀ ṣì ti wà lára ògiri, mo bu omi tútù jáde ní ìwọ̀n ife kan, mo bu omi oòrùn sí i ní ìwọ̀n ife kan, mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo tún ṣe é. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, mò ń ti ìka bọ̀ ọ́ láàárín. Mo gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè, mo mọ ibi tí ìsìn dé. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin ọrẹ, Ṣójà gbé lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ìwàásù bẹ̀rẹ̀, ó gòkè wá sójú omi, ó fi ẹnu gba afẹ́fẹ́, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré lọ já ojú oró kan létí odò, mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo gbé e lé ojú omi. Mo bu tàǹwíjí láti inú agolo ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹyọ kan sí i. Ó wò ó. Ó jẹ ẹ́. Mo fi èkejì sí i.

Mi ò gbọ́ ìgbà tí wọ́n dé. Mo ti mú dígí, mo gbé e ti ìgò, Ṣójà sì ti tan gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí mo rí Mopé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀. Mo ń dúró de kó pariwo pé mo fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn. Ó wo ẹja. Ó wò mí. Ó sáré jáde. "Ìyá Àgbà, ẹ wá wò ó. Ṣadé ti wo Ṣójà sàn."

Ọ̀rọ̀ tó dùn jù tí mo ti gbọ́ látìgbà tó dé nìyẹn, kò sì dùn.

Ìyá Àgbà wọlé, ó tẹríba wo ìgò. "Kí lo ṣe sí i?"

"Òtútù ló ń pa á, mà. Omi àmù tutù jù fún un."

"Omi àmù mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ti ìka bọ omi inú ìgò náà. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àárọ̀ yìí ni, mà."

Ìyá Àgbà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Mo mọ bó ṣe gbé orí yẹn. Bó ṣe máa ń gbé e nìyẹn tó bá fi igbá kan omi, tó ń gbọ́ bóyá àmù kún tàbí ó ṣófo. Ó jáde, ó lọ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní kí èmi àti Mopé jọ máa tọ́jú ẹja náà, Mopé sì ń bi mí léèrè kó tó ṣe ohunkóhun, ó ń ṣe é gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wí. Àlàfo ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Bàbá Kàdúná dé ní ọ̀sẹ̀ Kérésì. Ó ti rí ilé gbà. Mopé fà á sí ìdí ọsàn, ó bá a sọ̀rọ̀ lédè Hausa, ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo rí i tí Bàbá Kàdúná ń mi orí, rárá, rárá, ó wá ronú díẹ̀, ó pè mí. "Mopé ní kí n fi ẹja náà sílẹ̀ fún ọ." Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ayọ̀, gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí lọ́rì ń gbéra, ojú Mopé wú. Mo rò pé ó ń sunkún ẹja. Inú mi dùn sí i díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn ní ẹ̀yìn Ìyá Àgbà, Ṣójà sì lo ọdún kan àti díẹ̀ lórí pèpéle amọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹja tí mo ti sìn. Mo ti kọ́ ọ fúnra mi, láti inú àṣìṣe àti ìwé tí mo ń yá. Nígbà tí Àǹtí Mopé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì kọ́lé sí Òmù-Àrán, ó ní òun náà fẹ́ ẹja oníjà sí pálọ̀ òun, kí n wá bá òun ṣe ilé rẹ̀. Mo ní kí ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé ṣe àpótí tó gba gálọ́ọ̀nù márùn-ún, kó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, nítorí ẹja yìí ń gòkè wá mí, kò yẹ kí ọ̀nà rẹ̀ jìn. A bu omi sí i fún ọjọ́ méjì láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Mo fọ iyanrìn odò títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Mo gbé òṣíbàtà kékeré kan sí igun, ojú oró mẹ́ta sí òkè. Mo fi omi sílẹ̀ nínú korobá kó dúró dáadáa kó tó wọlé. Mo fi àwọ̀n dé orí àpótí, nítorí wọ́n máa ń fò jáde, mo sì fi àlàfo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láàárín. Mo yí i kúrò lọ́wọ́ fèrèsé kí ọyẹ́ má baà fẹ́ lù ú, mo yí i kúrò níwájú dígí ara ògiri. Mo so ìwọ̀n ooru mọ́ ọn, mo kó aṣọ òtútù kan tì í fún ìgbà tí iná bá lọ. Iṣẹ́ yẹn gbà mí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àǹtí Mopé jókòó sórí àga, ó ń wò mí, mo sì rí i pé mi ò lè tú ẹja tí mo rà wá fún un sínú omi láìsọ ọ́.

"Àǹtí, mo mọ̀ pé òtútù ni. Láti ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ dé."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Gbogbo wa ló ń wo ìgò yẹn. Ìwọ nìkan ni o kì í wò ó."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta ni? Àyè ta ni mo gbà lẹ́yìn Ìyá Àgbà?" Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. "O mọ ohun tí mo sọ fún Bàbá nídìí ọsàn?"

"Ẹ ní kí wọ́n fi Ṣójà sílẹ̀ fún mi."

"Mo ní kí wọ́n fi èmi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún ọ ní ẹja, kí o lè jẹ́ kí n máa sùn lẹ́yìn Ìyá Àgbà lọ. Wọ́n gba apá kan níbẹ̀, wọ́n kọ apá kejì." Ó wo àpótí. "Ọdún tí mo lò ní Ìlọrin, kò sí ìgbà tí mo rí ẹní tí mi ò bú ọ."

Mo tú ẹja náà sínú omi díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ nílé ìdáná, ife kan jáde, ife kan wọlé. Pupa ni, ó ní búlúù létí lẹbẹ. Àǹtí Mopé dìde, ó lọ síbi fíríìjì, ó bu omi sínú ife gíláàsì, ó fi àwo kékeré gbé e, ó wá dúró níwájú mi.

"O ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, o ò tíì mu omi. Gbà, àlejò mi."

Mo gbà á. Ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi bí mo ṣe ń mu ún. Omi náà tutù débi tó fi dun eyín mi. Ó fi ìka kan ara àpótí gíláàsì, ẹja yẹn sì kúrò níwájú mi, ó lọ bá ìka rẹ̀, ó tan gbogbo lẹbẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èmi tí mo ti ń gbé e kiri láti ọ̀sẹ̀ kan, kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó sì dùn mí, ní ọjọ́ orí mi yìí, ní ibi kan náà gan-an tó ti máa ń dùn mí. Mo mu omi náà tán, mo sì tọrọ òmíràn.